Ojú Fèrèsé Tí Mo Gé Sí Kọ̀ǹpútà Olólùfẹ́ Mi

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí, nítorí bí mo bá tún dákẹ́ di ọ̀la, mo mọ ara mi, irọ́ mìíràn ni n ó fi bò ó. Pálọ̀ ìyá àfẹ́sọ́nà mi ni mo jókòó sí tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí gbogbo ènìyàn rò pé ẹlòmíràn ló ṣe, èmi ni mo ṣe é.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwa mẹ́ta péré ni: ọ̀gá wa, èmi, àti ọkùnrin kan tó jù mí lọ dáadáa tí a ń pè ní Ẹ̀gbọ́n Adákẹ́, torí ó lè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́ kó má sọ ju "gbé e wá" àti "gbé e lọ" lọ. Ibẹ̀ ni olólùfẹ́ mi ti bá mi. Ayafótò ni, Fótò náà sì ni gbogbo ayé ń pè é. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wọlé, tí ẹ̀rín rẹ̀ tàn bí òṣùpá tó yọ lẹ́yìn òjò, mo ti mọ̀ pé mo ti kó sí páńpẹ́. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé ìfẹ́ ni mo kà dàgbà, mo sì gbà pé bí ọkùnrin bá ti ń bọ̀, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mi aṣọ fèrèsé.

Ó ní òun fẹ́ kí a gé ojú fèrèsé sí ẹ̀gbẹ́ àpótí kọ̀ǹpútà náà, kí a fi ike tó mọ́ gaara dí i, kí òun lè máa rí iná búlúù tó wà lára fáànù inú rẹ̀.

Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín. "Kọ̀ǹpútà tó ń yọjú lójú fèrèsé. Ṣé aládùúgbò ló fẹ́ máa kí ni?"

"Ẹ jẹ́ kó máa kí wọn, ọ̀gá," Fótò dáhùn. "Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọbìnrin yìí ni mo fẹ́ kó ti jáde."

Orí mi wú.

Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wa: a kì í fi ayùn kan irin àpótí láìjẹ́ pé a ti tú gbogbo ohun inú rẹ̀ síta. Ẹ̀gbọ́n Adákẹ́ fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fún mi kí òun àti ọ̀gá tó jáde lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Dúró dè mí. Tí mo bá dé, a jọ máa tú u." Ṣùgbọ́n Fótò ń bọ̀ wá gbé e lọ́sàn-án, mo sì fẹ́ kó bá a ní píparí. N kò fẹ́ gé ojú fèrèsé onígun mẹ́rin bí ti gbogbo ayé. Àwòrán ọkàn ni mo yà sí i, irú èyí tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé ìfẹ́. Irin ẹ̀gbẹ́ náà fẹ́lẹ́. Nígbà tí mo yọ ọ́ sórí tábìlì, ṣe ló ń gbọ̀n lábẹ́ ayùn, kò sì sẹ́ni tó máa bá mi dì í mú. Ni mo bá ki aṣọ sínú àpótí láti gba èérún irin, mo dá irin náà padà sáyè rẹ̀, mo de síkúrù rẹ̀ kó lè dúró gírí, mo sì gé e bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìfun kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀. Ọ̀dájú ni mí.

Nígbà tí mo yọ aṣọ náà, èérún irin ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ já sínú, ó ń dán yinrinyinrin. Mo gbé bílówà, mo fẹ́ ẹ. Èyí tí mo rí fò lọ. Ibo ló fò lọ? Mo mọ̀ ọ́n. Ihò páwà, àpótí kékeré tó ń gba iná wọlé, ni ẹnu bílówà mi dojú kọ. Ó yẹ kí n tú páwà náà wò, torí èérún irin lè mú kó gbiná. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn Fótò níta, mo yára lẹ ike mọ́ ọn, mo tan án. Iná búlúù tàn láàárín ọkàn náà.

Fótò wò ó, ó wò mí. "Ta ló ni ọkàn yìí?"

"Ẹni tó bá gbé e lọ ló ni ín."

Bí a ṣe di olólùfẹ́ nìyẹn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ìyá Fótò ń gbálẹ̀ yàrá ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí páwà náà bú gbàù, tí aṣọ fèrèsé gbaná. Ọwọ́ ọ̀tún ni Màmá fi fa wáyà yọ, iná sì bó ọwọ́ náà dé ọrùn ọwọ́. Aránṣọ ni Màmá. Láti ọjọ́ náà, kò lè di sísọ́ọ̀sì mú mọ́.

Fótò gbé kọ̀ǹpútà náà padà wá, ojú rẹ̀ pọ́n. Ọ̀gá lọ wá tọ́ọ̀ṣì kó lè wo inú rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n Adákẹ́ sì wà nídìí iṣẹ́ tirẹ̀. Bó ṣe yí ẹ̀yìn padà, mo yọjú wo páwà tó ti fọ́. Èérún irin rèé, ó lẹ̀ mọ́bẹ̀. Mo fi ìka nù ún mọ́ tónítóní, mo sì ki ọwọ́ bọ àpò.

"Ta ló fọwọ́ kan páwà yìí kẹ́yìn?" Ọ̀gá bèèrè.

Òótọ́ ni pé Ẹ̀gbọ́n Adákẹ́ ló pààrọ̀ páwà náà kí n tó gé àpótí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n ni, ọ̀gá." Ẹnu mi yìí.

"Adákẹ́, ṣé ìwọ ni?"

"Èmi ni mo pààrọ̀ ẹ̀, ọ̀gá."

"O ti sọ ìyá oníyàá di aláàbọ̀ ara. Kó irinṣẹ́ ẹ, kí o máa lọ."

Ẹ̀gbọ́n wo ọwọ́ mi tó wà nínú àpò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ rẹ̀. Fótò gbé orí lé èjìká mi, ó ń sunkún, èmi tí mo dáná sì ni mo ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Látìgbà náà, ẹ̀rù ni mo fi ń jẹun. Màmá ń pè mí ní ìyàwó òun. Èmi ni mo ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún un, nígbàkigbà tí abẹ́rẹ́ bá sì já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á ní, "Ẹni tó ṣe mí báyìí, ọwọ́ tiẹ̀ náà ò ní wúlò fún un." Èmi á sì ní, "Àmín, mà." Ta ni kò ní ṣe àmín lẹ́nu ìyá ọkọ rẹ̀? Lọ́sẹ̀ yìí ni ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú, n kò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Mo ń fẹ́ ẹ lẹ́nu, mo ń fọwọ́ ra á, kò jí bọ̀rọ̀.

Mo sáré lọ bá Ẹ̀gbọ́n Adákẹ́ níbi tó ti ń tún tọ́ọ̀ṣì ṣe lẹ́bàá títì. N kò tíì wí tán tó fi ní, "Mo mọ̀. Èérún irin ń dán lábẹ́ èékánná ẹ lọ́jọ́ yẹn kí o tó ki ọwọ́ bọ àpò. Mo rò pé wàá sọ ọ́ kí n tó kó irinṣẹ́ tán."

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ò sọ̀rọ̀?"

"Ta ló máa gbà mí gbọ́? Ìwọ lo lẹ́nu."

"Ẹ forí jì mí."

"Lọ bá ìyá tó ń ṣépè. Èmi ló rò pé òun ń ṣépè fún."

Ọ̀sán yìí ni mo kúnlẹ̀, mo di ọwọ́ Màmá mú, mo sì rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó rọra yọ ọwọ́ tó jóná náà kúrò lọ́wọ́ mi.

"O sì ń ṣe àmín," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Jókòó síbẹ̀. Tí ọmọ mi bá dé, wàá tún un sọ lójú ẹ̀." Ó wọ yàrá lọ. N kò gbọ́ ẹkún, n kò gbọ́ àdúrà.

Olólùfẹ́ mi, bí ohùn mi bá kọ̀ láti jáde, ka èyí. Bí o bá lé mi, mo gbà. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bá mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, kí Ẹ̀gbọ́n lè padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ń ka ìwé ìfẹ́ bíi tèmi, nínú ìwé wọ̀nyẹn, ẹni tó bá jẹ́wọ́ a máa rí ẹni gbá a mọ́ra lójú ewé tó kẹ́yìn. Ẹ má dúró de ojú ewé yẹn. Ẹ tètè sọ tiyín nígbà tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò tíì jóná.

Géètì ti dún, Fótò ló dé. Màmá ti jáde wá, ó jókòó sí iwájú mi, kò sì wò mí.