Ọ̀rọ̀ Tí Mo Gbé Mì Níwájú Dókítà

Ẹ̀yin ará mi nínú Ìsìláàmù, mi ò fẹ́ àmín lónìí, etí yín ni mo fẹ́. Inú ń bí mi bí mo ṣe dúró yìí. Ní Jímọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí mo kírun Àsùbá tán, orí ẹní ìkírun náà ni oorun ti gbé mi lọ. Màlàíkà kan di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n wá wo ibi tí wọ́n ń tọ́jú dè mí.

Ibi tútù kan ló kọ́kọ́ mú mi gbà. Ìyá arúgbó kan jókòó síbẹ̀ nínú ìsinmi. Màlàíkà ní nọ́ọ̀sì ni láyé, wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ó sọ òótọ́ fún aláìsàn. Mo rò pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọn yóò fi mí sí.

A kọjá. Iná ni mo rí, iná tó ń bú, àwọn òpùrọ́ ń jẹ ahọ́n ara wọn, ó ń hù, wọ́n tún ń jẹ ẹ́, àwọn alágbèrè ń sá, àwọn aninilára ń sá, kò sí ibi tí wọ́n ń sá lọ, mo sì rí láwàní, láwàní bíi tèmi, àwọn àáfà tó gbọ́ Lárúbáwá bíi tèmi, ni mo bá bèèrè ohun tí wọ́n ṣe.

"Ògbufọ̀ ni wọ́n," ni màlàíkà wí. "Rántí Sáfíyà."

Sáfíyà ni ìyàwó Lárúbáwá oníṣòwò kan ládùúgbò wa. Nígbà tó ń ṣàìsàn, wọ́n pè mí sí ọsibítù láti ṣe ògbufọ̀, dókítà ní kí n bi í ní èdè Lárúbáwá bóyá ó gbà kí wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀. Ojú tì mí láti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó oníyàwó. Ọkọ rẹ̀ ni mo sọ ọ́ fún, òun ló mi orí pé kí wọ́n ṣe é. Mo wá sọ fún Sáfíyà pé wọ́n fẹ́ fọ inú rẹ̀ mọ́, kó ṣe bísímílà, kó tẹ̀ka síwèé. Dókítà tó ń wo aago, ọkọ tó panu mọ́, èmi tí mo ń pè é ní ìtìjú, olè ni gbogbo wa. Láti ìgbà náà ni Sáfíyà ti ń wá gba hàǹtú ọmọ lọ́dọ̀ mi, èmi náà á kọ àdúrà sí wàláà, màá fọ̀ ọ́ fún un mu.

Mo sọ fún màlàíkà pé àṣà wa ni, a kì í sọ ọ́ lójú obìnrin.

"Ara ta ni wọ́n gé?" Màlàíkà tì mí síwájú.

Mo jí, òógùn bò mí. Mo lọ bá Sáfíyà nílé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, n kò bo nǹkan kan. Ó wá bi mí pé, "Ta ló tẹ̀ka síwèé náà?"

Mo ní òun ni.

Òun ló ní kí n wá sọ ọ́ fún yín. Ẹ̀yin àáfà tí wọ́n ń pè sí ọsibítù, ẹni tó ni ara ni kí ẹ sọ ọ́ fún. Bí ojú bá ń tì yín, ẹ jókòó sílé yín.