Àpò Tí Mo Rán Sínú Gáùn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ ní kí n máa lọ sílé, torí mi ò lọ, ẹnu ilẹ̀kùn yìí ni mo máa jókòó sí títí ẹ ó fi ṣí i, ṣebí ẹ̀yin lẹ ń tọ́jú gbọ̀ngàn ilé ìwé yìí, ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ wà, gáùn tí mo fi ọwọ́ ara mi rán ni wọ́n sì kó jọ sínú yàrá yẹn láàárọ̀ yìí, tí àwọn ọmọ wa máa wọ̀ láàárọ̀ ọ̀la láti fi gba ìwé ẹ̀rí. Mi ò wá jí wọn. Mo fẹ́ tú àpò inú wọn ni. Ẹ wo réésà lọ́wọ́ mi, ẹ wo sísọ́ọ̀sì, kí lẹ tún rò pé mo fẹ́ fi wọ́n ṣe?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àga yẹn sílẹ̀ ná. Ó ti mọ́. Láti ìgbà tí mo ti dé, àga kan ṣoṣo yẹn lẹ ń nù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó sọ pé orí mi ti dàrú. Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ gáùn yìí fún mi, ibí yìí ni mo kọ́kọ́ sáré wá, ẹ rántí, ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ní kí n má lọ rán èyí tí apá rẹ̀ á máa gbálẹ̀. Gáùn kì í ní àpò, ẹ̀yin náà mọ̀. Àfi bí ọmọkùnrin kan ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó kí mi dáadáa, ó ní, "Mọ́mì, ẹ bá mi fi àpò kékeré kan sínú, lápá òsì, torí fóònù." Mo ní kò burú. Nígbà tó yá, àwọn mìíràn dé. Kí n tó mọ̀, gbogbo wọn ló ń fẹ́ àpò, mo wá ń rò ó pé iṣẹ́ mi ló dùn mọ́ wọn nínú. Ẹ ò rí òmùgọ̀. Mo tiẹ̀ ń fi yangàn sí bàbá àwọn ọmọ mi.

Ìgbà náà ni ọmọbìnrin kan gbé tirẹ̀ padà wá, ó ní àpò náà há jù. Mo ní, ó dáa, gbé fóònù náà wá kí n wọ̀n ọ́n. Ó ní ilé ni fóònù òun wà, ó wá yọ nǹkan kan tó fi síkáàfù wé, ó ní bó ṣe tóbi tó nìyí, ó sì rọra gbé e kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n láti orí síkáàfù yẹn. Ó le, ó pẹlẹbẹ, ó sì ní ọrùn. Ẹ̀gbọ́n, fóònù wo ló ní ọrùn? Mo fi ìka méjì mú ọrùn náà, mi ò sì ronú kan nǹkan kan, ibi tí òwú á gbà ni mo ń wò. Èmi náà ni mo tún ní ẹ jẹ́ kí n fi bọ́tìnnì sí ẹnu rẹ̀, kó má baà yọ jábọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń fò fáyọ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ mà káre o." Ó ní òun máa sọ fún àwọn yòókù. Ó sì sọ fún wọn. Gbogbo wọn ló padà wá gba bọ́tìnnì.

Èmi tí mi ò jẹ́ kí ọtí wọ ilé mi rí.

Lánàá ni mo ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì àbíkẹ́yìn mi, ọwọ́ mi bá kan ìgò lábẹ́ ìrọ̀rí. Ọtí líle ni, ìgò pẹlẹbẹ, wọn ò tíì ṣí i. Gáùn rẹ̀ wà lára ògiri. Mo jókòó, mo fa gáùn náà sórí itan, mo ti ìgò yẹn bọ inú àpò. Ó wọlé wọ́ọ́rọ́. Mo de bọ́tìnnì, mo gbé e sókè, mo gbọ̀n ọ́n, kò mì. Mi ò tíì rán nǹkan tó ṣe rẹ́gí tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ọmọ náà dé, mo bi í. Kò tiẹ̀ parọ́. Ó ní, "Màámi, gbogbo wa ni, ọjọ́ kan péré sì ni." Ó ní àwọn ti fẹnu kò, tí wọ́n bá ti pe orúkọ ẹni ìkẹyìn tán, bákónì òkè ni gbogbo àwọn ń gbà lọ, kí àwọn ṣí i papọ̀. Bákónì yìí náà, Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbójú sókè kẹ́ ẹ wò ó. Mo da ọtí náà sí gọ́tà lójú rẹ̀, mo tú àpò tirẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá tú tirẹ̀, ti àwọn yòókù ńkọ́? Ṣé wọn ò ní bu fún un ni?

Mo lọ bá ọ̀gá ilé ìwé. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, wọ́n máa yẹ báàgì gbogbo wọn wò lẹ́nu géètì. Mo ní, Sà, kì í ṣe báàgì. Ó ní àwọn òbí ti wá wo gáùn, wọ́n ti gbà pé ó dáa, tí ẹnikẹ́ni bá tún fọwọ́ kàn án tó sì ya, kí ni òun fẹ́ sọ? Mo pe alága àwọn òbí. Obìnrin yẹn ní ṣé mo fẹ́ pe ọmọ òun ní ọ̀mùtí ni. Ó pa fóònù mọ́ mi létí. Bàbá àwọn ọmọ mi ní ọjọ́ kan péré ni wọ́n máa mu ún, kí n jẹ́ kí òun gbọ́ ìròyìn. Ẹ̀yin nìkan ló kù. Mi ò tún ní ibòmíràn tí mo fẹ́ gbà.

Kí lẹ wí? Pé wọ́n á lé yín lẹ́nu iṣẹ́? Mo mọ̀ pé ẹ ti fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ẹ sọ fún wọn pé èmi ni mo já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ sọ pé mo ya wèrè. Ó ti kù díẹ̀ náà.

Àbí ẹ ti gbàgbé Olóhùn Iyọ̀? Ọmọ tó kọrin níbi ayẹyẹ èṣí, tí gbogbo gbọ̀ngàn yìí pa lọ́lọ́. Gáùn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí ọtí gbé e já láti orí bákónì yẹn. Ta ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ta ló bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ fi gbé e lórí? Ìyàwó yín sọ fún mi pé oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun yín kọjá lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹ̀gbọ́n, mo dé ilé wọn láìpẹ́ yìí, ìyá rẹ̀ ní kí n wá wọ̀n ọ́n, kí n rán ṣòkòtò tó máa rọrùn fún òun láti bọ́ lára rẹ̀. Ṣíbí ló fi ń bọ́ ọ. Mo ní, Olóhùn Iyọ̀, ṣé dáadáa ni? Ó lanu. Ohùn kankan ò jáde.

Wọ́n á wá ibòmíràn fi ọtí sí, lẹ wí? Kí wọ́n wá a. Kí wọ́n fi sínú báàgì, kí àwọn ẹni ẹnu géètì rí i. Kó má ṣáà jẹ́ inú iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ìyá yín ni mí, ẹ wo ojú mi. Tí ọ̀kan nínú wọn bá tún já lulẹ̀ lọ́la, bọ́tìnnì mi lẹ máa bá láyà rẹ̀.

Ẹ ṣé. Ẹ kó kọ́kọ́rọ́ náà wá kí n ṣí i.

Ẹ tan iná. Ẹ mú réésà yìí, bọ́tìnnì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gé, kó tó kan...

Ẹ dúró. Kí ló dé tí àwọn hángà yìí tẹ̀? Gáùn kì í wúwo báyìí. Ẹ fọwọ́ kan eléyìí. Ẹ fọwọ́ kan èyí tó tẹ̀ lé e.

Ta ló wọ ibí lónìí? Àwọn ọmọ náà, lẹ wí? Wọ́n ní àwọn fẹ́ wọ̀ ọ́ wò bóyá ó bá àwọn mu, ẹ sì ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ẹ ṣí i fún wọn, Ẹ̀gbọ́n, èmi lẹ wá ti ilẹ̀kùn mọ́ síta. Háà, ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Èmi rán àpò, ẹ̀yin ṣílẹ̀kùn, ọ̀gá ilé ìwé á wá lọ dúró sẹ́nu géètì lọ́la láti yẹ báàgì wò.

Ti àbíkẹ́yìn mi nìyí. Mo tú àpò yìí lánàá. Ẹ wo bí ọmọ náà ṣe tún un rán, ẹ wo bó ṣe fi abẹ́rẹ́ lọ, tó tún fi bọ̀ kí ó má baà já. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó sì wúwo.

Ẹ má dúró máa wò mí. Ẹ lọ gbé korobá tẹ́ ẹ fi ń fọlẹ̀ wá, ká rí ibi da ọtí yìí sí. Gbogbo èyí tẹ́ ẹ bá ní ni kẹ́ ẹ kó wá.