Ẹyin Tí Mo Yàn Fún Ìyàwó Mi

Ẹ̀yin àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ ọpẹ́ dúró. Láti ìgbà tí a ti sin àbúrò yín lẹ ti ń sọ pé ọkọ rere ni mí, pé kò bímọ, síbẹ̀ mi ò lé e, mi ò sì fẹ́ ẹlòmíràn lé e lórí. Ọpẹ́ yẹn ń gún mi bí ìṣó. Bí mo bá tún gbà á lónìí, mi ò ní lè wọ yàrá tó kú sí mọ́. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe.

Dókítà ló sọ fún wa pé ẹyin ara ìyàwó mi ti tán, ṣùgbọ́n ilé ọmọ rẹ̀ dára. Ó ní obìnrin mìíràn lè fún wa ní ẹyin tirẹ̀, wọn á pò ó pọ̀ mọ́ àtọ̀ mi, wọn á gbé e sínú ìyàwó mi, òun fúnra rẹ̀ ni yóò lóyún rẹ̀. Ìyàwó mi rí ẹnì kan, ọmọbìnrin tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, tó ti bímọ méjì láìsí wàhálà. Ó gbà fún wa. Inú dókítà dùn. Ó ní, "Ọ̀gá, ọjọ́ orí ẹni tó ni ẹyin ló ṣe kókó. Gíga rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀, ìwé tó kà, ìyẹn ò mú oyún dúró."

Nígbà tí a délé, mo ní, "Oníbúrẹ́dì kúkúrú bẹ́ẹ̀? Ṣé ọmọ tí yóò gun àpótí kó tó rí orí tábìlì la fẹ́ bí ni?" Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọkọ mi, ṣebí káfíńtà ni yín. Ẹ kan tábìlì kúkúrú fún un." Ẹ̀rín yẹn ṣì wà létí mi.

Mi ò gbọ́. Mo lọ bá tíṣà obìnrin kan tí mo kan pẹpẹ ìwé fún. Ó ga, ó pupa, ó ti yunifásítì jáde. Ó ní, "Ọ̀gá káfíńtà, mo ti pé ọdún mọ́kàndínlógójì o." Mo ní, "Ta ló fẹ́ mọ̀? Ojú yín ò jọ ọ́. Ẹ ṣáà ní mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n." Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Mo sọ fún oníbúrẹ́dì pé a ò ṣe é mọ́, mo sì parọ́ fún ìyàwó mi pé òun ló yí ọkàn padà. Èmi tí mo máa ń bá oníbàárà jà pé kí wọ́n má fi dídán yan pákó!

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbé e sí i nínú, ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀jẹ̀ dé. Dókítà ní, "Ẹyin ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kì í sábà já wa kulẹ̀ báyìí. Ó lè jẹ́ ilé ọmọ ìyàwó yín ló ní àléébù tí a ò rí. Iṣẹ́ abẹ ló kù." Gbólóhùn kan láti ẹnu mi ì bá dá ọ̀bẹ dúró. Mo wo bàtà mi, mo ní, "Ẹ ṣe é." Wọ́n là á, wọn ò rí nǹkan kan. Ìyàwó mi ní òun ò tún gba ẹyin kankan mọ́. Àǹtí mi wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú mi pé inú rẹ̀ kì í gbàlejò. Mo ń fági mi lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Oníbúrẹ́dì yẹn ti bí mẹ́ta sí i. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo máa ń gbà kí n má bàa rí wọn.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló burú dé. Lọ́jọ́ tó kú, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ dárí jì mí. Inú mi ló ba ayé yín jẹ́." Òtítọ́ dé orí ahọ́n mi. Ohun tó jáde ni, "Mo ti dárí jì ọ́." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọpẹ́ yẹn ló wà lẹ́nu rẹ̀ tó fi dákẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ ẹ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ohun tí ìyàwó yín máa fi ara rẹ̀ gbé, ẹ jẹ́ kó yàn án fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin àna mi, mi ò ní kí ẹ dárí jì mí. Inú àbúrò yín kò ní àléébù kankan. Ẹ sọ ọ́ níbi gbogbo tí wọ́n ti pè é lágàn. Kí ẹ sì lọ síbi tí a sin ín sí, kí ẹ sọ fún òun náà. Èmi ò lójú tí mo lè gbé débẹ̀.