Kásẹ́ẹ̀tì Ẹ̀gbọ́n Mi Tí Mo Sọ Síná

Ìgbà tí eegun mi ṣì le, tí mo ń sáré fò mọ́ ọkọ̀ èrò tí wọ́n ń pè ní tírótírò ní àdúgbò Lapaz... ẹ̀gbọ́n mi Láyí, bàbá bàbá rẹ, ní kásẹ́ẹ̀tì kan. Fáyólìn ni, orin òyìnbó tó ti kú kí wọ́n tó bí baba ńlá wa. Èyí tó ń dún nínú fóònù rẹ yìí gan-an ni, Démiládé. Má pa á. Jẹ́ kó máa lọ.

Ṣé o gbọ́ fáyólìn kan yẹn? Òun ló ń lé orin, àwọn ìyókù ń gbè é. Á sá síwájú, wọ́n á bá a. Á wá dá nìkan sunkún díẹ̀... Tó bá ti dé ibẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Láyí á dá ẹ̀rọ ìránṣọ wọn dúró.

"Àbúrò, gbọ́! Ẹni yìí ń gbàdúrà."

"Bọ̀ọ̀dá, àdúrà wo? Ṣé ẹ gbọ́ orúkọ Jésù níbẹ̀?"

Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. "Bíṣọ́ọ̀bù àdúgbò Mamobi, mo kí yín o!"

Ìsọjí wá dé ní ìjọ wa. Oníwàásù ní kí kálukú kó ohun ayé tó ń dè é wá, ká dáná sun ún. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbé tiwọn bọ̀: ìfúnpá, páálí sìgá, àwo orin fàájì. Èmi ńkọ́? Mi ò ní nǹkan kan. Ojú ń tì mí láti lọ lọ́wọ́ òfo. Ni mo bá mú kásẹ́ẹ̀tì Bọ̀ọ̀dá, mo sọ ọ́ síná. Ìjọ hó, "Halelúyà!" Wọ́n ní mo ti já ayé sílẹ̀. Ayé ta ni mo já sílẹ̀?

Mo délé, Bọ̀ọ̀dá ń tú àpótí. "Ṣé o rí kásẹ́ẹ̀tì mi?"

"Mi ò rí i, Bọ̀ọ̀dá."

Ẹnu tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ́rìí ni o! Lónìí, ẹ tẹ fóònù, orin dé. Nígbà yẹn, ẹyọ kan ṣoṣo ni Bọ̀ọ̀dá ní. Ẹnu ni wọ́n wá ń fi kọ ọ́ nídìí iṣẹ́. Wọ́n á dé ibì kan, wọ́n á gbàgbé ìyókù...

Dáfídì ọba kọ̀ láti fi ohun tí kò ná an ní nǹkan rúbọ sí Olúwa. Àìmọye ìgbà ni mo ti wàásù lórí ẹsẹ yẹn. Mi ò dárúkọ kásẹ́ẹ̀tì rí.

"Ei, Bàbá! Ẹ ò sọ fún bàbá bàbá mi kí wọ́n tó kú?"

Mi ò sọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n fi wà lórí àìsàn, ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́wọ́ lé wọn lórí gbàdúrà. Mi ò sọ. Ọlọ́run ti dárí jì mí, mo gbà. Bọ̀ọ̀dá ńkọ́? Ìwọ ni ẹ̀jẹ̀ wọn tó wà nítòsí. Ìwọ ni mò ń bẹ̀.

Ọmọ mi, bí o bá ṣẹ ènìyàn, bẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì lè bá ọ jà.