Igbá Tó Kọ̀ Tí Kò Fọ́

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọge, ẹ gbọ́, ìyàwó kì í wọlé ọkọ bí ẹni ń wọ ọjà. Rárá o. Lẹ́nu ọ̀nà ni wọn á ti dá a dúró. Wọn á fi oyin tọ́ ọ lẹ́nu, kí ayé ẹ̀ lè dùn. Wọn á da igbá dé sílẹ̀ níwájú ẹ̀, wọn á ní kó tẹ̀ ẹ́. Bí àfọ́kù igbá bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ lọmọ ẹ̀ á ṣe pọ̀ tó. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọn á wá fi omi tútù wẹ ẹsẹ̀ ẹ̀, kí ẹsẹ̀ tó gbé wọlé lè tu ilé lára.

Sàídátù, ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, tìẹ ló kù lọ́jọ́ Sátidé. Mo gbọ́ pé ẹ ti fi ayùn la igbá tiyín sílẹ̀, kó lè tètè fọ́ fún fọ́tò. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí… Ire tí ẹ fi ayùn là sílẹ̀, irú ire wo nìyẹn?

Èmi ò rí ti ayùn o. Ṣakí ni wọ́n bí mi sí, Àgọ́-Àmọ̀dù ni mo lọ́kọ sí. Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà, ètè gbogbo ènìyàn ti là. Mo ti sun ẹkún ìyàwó láti ilé wa títí ohùn mi fi há. Wọ́n wá ní kí Ìyá Ìjíò wá igbá wá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni, Ìjíò ni wọ́n lọ́kọ sí. Igbá fẹ́lẹ́ ló yẹ kí wọ́n mú, àbí? Ìyá Ìjíò lọ gbé igbá tí ilé fi ń wọn ọkà bàbà, igbá tó nípọn. Ṣé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni? Ọmọge kan wà lọ́dọ̀ wọn ní Ìjíò tí wọ́n fẹ́ kí ọkọ mi fẹ́. Ẹ má bi mí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo tẹ igbá. Kò fọ́. Mo fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́, mo tún fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́… kò ró rárá.

Ìyá Ìjíò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, “Igbá kọ̀ ọ́. Àgàn lẹ gbé wálé yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú un padà kí ilẹ̀ tó ṣú.”

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Wọ́n dá ìyàwó padà látẹnu ọ̀nà… ojú wo ni bàbá mi fẹ́ fi wo aráyé? Ta ló tún fẹ́ fẹ́ mi ní gbogbo Òkè-Ògùn? Ìyàwó kì í sì í bá èèyàn jiyàn lọ́jọ́ yẹn, aṣọ ni wọ́n fi bò mí lórí. Ẹkún nìkan ló lè sun. Àmọ́ inú ti bí mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé igbá yẹn nílẹ̀, mo yí ojú ẹ̀ sókè. Mo fi ohùn ẹkún dá wọn lóhùn:

Igbá tó fọ́, ta ní ń fi pọnmi?
Ẹ má lé mi o, ará ilé ọkọ mi.
Igbá tí ò fọ́ ni wọ́n fi ń wẹ ọmọ.
Ẹ bu omi sí i, kí n wẹsẹ̀ kí n wọlé.

Ìyá ọkọ mi bá dìde, kí Ọlọ́hun tẹ́ wọn sí àlùjánnà. Èèyàn kúkúrú, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu wọn. Wọ́n gbé ìkòkò omi, wọ́n da omi sínú igbá yẹn títí ó fi kún, nígbà tí omi wọ́n bí ojú. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ síwájú mi, ìyá ọkọ o, wọ́n wẹ ẹsẹ̀ mi. Wọ́n ní, “Ẹni tó bá ní kí ìyàwó mi padà, kó kọ́kọ́ lé èmi náà. Àbẹ̀kẹ́, wọlé.”

Mo sì wọlé. Mo bí bàbá yín, mo bí àwọn àbúrò ẹ̀, mo tún wá fi ìbejì lé e. Igbá yẹn ni mo fi ń bu omi wẹ gbogbo wọn.

Ẹ dúró ná, ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó dùn jù. Nígbà tí ọmọ ọmọ Ìyá Ìjíò fẹ́ lọ sílé ọkọ, ta ni mo rí lẹ́nu ọ̀nà mi? Àwọn náà ni, wọ́n ń fi ọ̀pá rìn. Wọ́n ní, “Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, mo wá yá igbá yẹn. Omi inú ẹ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n fi wẹ ẹsẹ̀ ọmọ mi.”

Ìyá Ìbejì. Ẹnu tó pè mí lágàn náà ni. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo sì gbé e fún wọn. Àtìgbà yẹn, ìyàwó tí igbá yẹn ti wẹ ẹsẹ̀ ẹ̀, láti Ògbóòró títí dé ibodè, mi ò lè kà wọ́n mọ́.

Sàídátù, wọ yàrá mi lọ, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Gbé e dání lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ fọ́ tayùn yín fún ayàwòrán, mi ò bá yín jà. Ọlọ́hun ló ń fúnni lọ́mọ, kì í ṣe igbá. Ṣùgbọ́n bí ohunkóhun bá kọ̀ tí kò fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ nílé ọkọ, ọmọ mi, má padà sílé. Yí ojú ẹ̀ sókè, kó o bu omi sí i.