Ihò Tó Wà Lábẹ́ Àsíá

Ẹ má tíì fọwọ́ kan ìrẹsì tẹ́ ẹ mọ ṣóńṣó bí òkè yẹn. Mbok Rasiyem, ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọ̀bẹ yẹn kalẹ̀ ná. Ẹ ní kí n pa irọ́ kan tó máa pa yín lẹ́rìn-ín, torí òní ló pé ọjọ́ keje tí ọmọ yín ti lọ, ilé sì ti dákẹ́ jù. Irọ́ ti tán lẹ́nu mi. Òótọ́ ló kù, ó sì gbọ́dọ̀ jáde kẹ́ ẹ tó jẹun. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sórí ẹní yìí, ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Gimin tó ń kun bàálù ní pápá bàálù, Gimin ẹlẹ́nu bí ẹ́ńjìnnì. Èmi ni mo sọ fún yín pé mo fi ọwọ́ kan gbé bàálù, mo fi èkejì mu sìgá. Èmi ni mo ní ọ̀gá àwọn Japan sunkún lọ́jọ́ tó ń fi mí sílẹ̀. Kò sí Japan kankan tó sunkún. Ìfọ́tí ló fún mi. Ẹnu mi ti rẹ̀ mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó rẹ̀ mí ju bí ẹsẹ̀ ṣe ń rẹ ẹni tó rìn láti etíkun dé orí òkè oníná.

Ẹ ṣáà ti rí Cureng wa, bàálù tó máa ń kọjá lórí oko yín tí ewúrẹ́ á fi já okùn. Àwọn Japan ló fi í sílẹ̀ nígbà tí ogun wọn dà rú. Inú koríko la ti bá a, adìyẹ ti ń yé sínú ẹ̀. Wọ́n ti kun ún ní àwọ̀ ọsàn, kí gbogbo ẹni tó bá wà lókè lè mọ̀ pé ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ló ń bọ̀, kí wọ́n yà fún un. Apá ẹ̀ wà lórí ara wọn, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, òpó àti wáyà ló so wọ́n pọ̀. Aṣọ la fi bo apá yẹn, a wá ń fi oje kun aṣọ náà títí á fi le gan-in. Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é, ẹni tí kò tíì mọ nǹkan kan ni wọ́n ṣe é fún. Tó o bá fà á jù, ó máa gbọ̀n kó tó bínú. Tó o bá jù ú sílẹ̀, ó máa gbé ara ẹ̀ dìde. Mas Hartaya, ọmọ Mbok tá a torí ẹ̀ jókòó síbí, máa ń sọ pé, “Gimin, bàálù yìí ní sùúrù ju ìyá mi lọ.” Ẹ má bínú, Mbok. Ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́.

Oòrùn pupa roboto tí àwọn Japan kùn sábẹ́ apá ẹ̀, a ò pa á rẹ́, ọ̀dà ò tó. Ìdajì ẹ̀ nísàlẹ̀ nìkan la kùn ní funfun, ni oòrùn wọn bá di àsíá wa, pupa lókè, funfun nísàlẹ̀. Èmi ni mo kùn ún. Mo sọ fún gbogbo ọjà pé èmi ni mo fi búrọ́ọ̀ṣì kan gba òmìnira.

Àìrí aṣọ ni ìyà wa. Àpò ìrẹsì la gé wọ̀ bí aṣọ nígbà àwọn Japan, àpò náà la ṣì wọ̀ báyìí, ẹní la fi ń sin òkú. Nígbà tí ẹ̀ka igi wá fa apá bàálù ya níbi àsíá gan-an, ihò tó tó ojú abọ́, Pak Dulkamit, bàbá tó ń bá wa rán aṣọ apá, gbé aṣọ funfun tó kẹ́yìn nínú àpótí fún mi. Ibà ń ṣe é. Ó ní, “Gimin, lẹ̀ ẹ́, kó o rán an yíká, kó o fi oje sí i dáadáa kó o tó kun àsíá padà.” Mo ní, “Pak, ẹ lọ sùn. Kẹ́ ẹ tó yí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo ti rán an tán, mo ti bá àwọn Òyìnbó Dutch tá à ń bá jà rán tiwọn náà.” Ó ní, “Ẹnu ẹ!” Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ sùn.

Mi ò rán nǹkan kan. Mo ti fọ́nnu fún Painem, ọmọbìnrin tó ń ta tempe, ẹ̀wà sóyà dídín, létí pápá, pé mo ní aṣọ tó fi máa rán ẹ̀wù. Ó ní, “Ìwọ? Ìwọ tí ìdí ṣòkòtò ẹ ń kí èèyàn káàárọ̀?” Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ká mi lára. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín pé ìfẹ́ ni. Mo ká aṣọ náà mọ́ ikùn, mo gbé e lọ fún un. Mo wá fi bébà ìwé ìròyìn bo ihò yẹn, mo fi ìrẹsì rírọ̀ lẹ̀ ẹ́, mo kun pupa sókè, mo kun funfun sísàlẹ̀. Ó ń dán.

Kí bàálù tó gbéra, Pak Sastrorejo, ọ̀gá wa, a máa fi àtàńpàkò tẹ aṣọ apá káàkiri, kó lè mọ ibi tó ti jẹra. Ibi gbogbo, àfi orí àsíá. Ta ló máa fi ìka gún àsíá táwọn èèyàn ń kú lé lórí? Tó bá débẹ̀, á ṣí fìlà, á kọjá. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: mo ti mọ̀ kí n tó lẹ bébà yẹn. Abẹ́ àsíá ni mo sá sí.

Ọjọ́ yẹn ni Mas Hartaya máa kọ́kọ́ dá fò, láìsí olùkọ́ lẹ́yìn ẹ̀. Ó bi mí pé, “Apá yẹn ńkọ́?” Mo ní, “Mas, ó le ju orí yín lọ. Tó bá ya, kí n má fẹ́yàwó.” Ó ní, “Ta ló fẹ́ fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀?” Ó na sìgá ẹ̀ sí mi, kò tíì mu ún dé ìdajì. “Bá mi mú un, mò ń bọ̀.” Lókè lọ́hùn-ún, funfun ló kọ́kọ́ ṣí, pupa tẹ̀ lé e, aṣọ apá wá ń bó bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bàálù onísùúrù yẹn gbìyànjú. Mo rí i. Ó gbé ara ẹ̀ dìde, ó tún gbé e dìde, kó tó já lulẹ̀ sínú oko ìrèké. Sìgá yẹn ṣì ń jó lọ́wọ́ mi.

Ẹ rò pé ibi tó burú dé nìyẹn. Rárá. Àwọn ṣọ́jà wa bèèrè ẹni tó ń rán aṣọ apá. Pak Dulkamit ní òun ni, ó wá yíjú sí mi. “Gimin, ṣé o rán an?” Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ní, “Pak, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ gba aṣọ náà padà, tẹ́ ẹ ní ẹ máa rán an fúnra yín?” Ká ní mo dákẹ́ níbẹ̀! Ẹnu mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Kò sẹ́ni tó bi mí, mo tún ní mo rí i létí odò tóun àti Òyìnbó kan ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo ṣáà ń fi iyọ̀ sí i bí mo ṣe máa ń ṣe. Iyọ̀ yẹn ló sọ ọ́ di amí. Okùn ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ látìgbà yẹn, ní ilé ẹ̀ṣọ́. Lọ́la wọ́n máa mú un lọ sétí odò, ẹ sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún amí níbẹ̀.

Painem nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà, ó ti padà wọ àpò ẹ̀. Àárọ̀ yìí ló ju ẹ̀wù náà lù mí. Ó ti rí nǹkan kan he nínú oko ìrèké. Ó ní, “Bébà ni, Gimin. Bébà lo fi gbé ọmọ ọlọ́mọ sókè.” Ẹ̀wù náà rèé, mo tẹ́ ẹ síwájú yín. Bébà rèé, ẹ wo ọ̀dà pupa lára ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ máa ń tẹ̀ lé mi kiri torí ìtàn, ẹ lọ wá ẹlòmíì tẹ̀ lé. Mbok, mi ò tíì tó ẹni tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ́kọ́ rán ẹnì kan lọ tú bàbá yẹn. Ọwọ́ mi rèé fún okùn náà. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá gé ìrẹsì, kẹ́ ẹ di ìpín tèmi sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e fún un. Kó jẹun ná, kẹ́ ẹ tó dárúkọ mi létí ẹ̀.