"Ṣé Dáadáa Ni?" Lẹ́nu Ọ̀nà Ọ̀run

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n jókòó sọ ọ́, nítorí ẹsẹ̀ tó ti ń dá mi dúró sílé kò tíì san. Ìran tí mo rí ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kó yáa sùn báyìí.

Mo gba àdúrà ọ̀sán tán lórí ẹní mi. Èmi nìkan ni mo gbà á, èmi náà ni mo ṣe àmín. Ilé dákẹ́ débi pé aago ara ògiri nìkan ni mò ń gbọ́. Mo fi orí lé apá, oorun gbé mi lọ.

Mo bá ara mi lórí ìdúró, ẹsẹ̀ kò dùn mí mọ́. Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ funfun, tí kò wọ bàtà, kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, "Ìyá, ẹ tẹ̀ lé mi."

Ibi iná la kọ́kọ́ dé. Àwọn tó jẹ́rìí èké títí wọ́n fi ju aláìṣẹ̀ sẹ́wọ̀n, àwọn alágbèrè, àwọn tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ opó, iná ń jó wọn, wọn ò kú, wọ́n ń ké, ẹnikẹ́ni ò dá wọn lóhùn, mo dijú, mo ṣì ń rí wọn, mo fẹ́ sá, ilẹ̀ di ẹsẹ̀ mi mú. Mo ní, "Olúwa, mo dúpẹ́ pé n kò sí lára wọn."

Ọmọ náà mú mi lọ síbi tí kò síná rárá. Ibẹ̀ tutù, ó sì dákẹ́ bí ilé mi.

Ọkùnrin kan gbé alángbá lé èjìká. Bó bá ti lanu sọ̀rọ̀, alángbá á tóbi sí i, títí ó fi di ọ̀nì tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ọmọ náà bi mí pé, "Kí lẹ̀ ń pe tirẹ̀ láyé?"

Mo ní, "Àbùmọ́ ni. A kì í kà á sí irọ́, ó kàn ń jẹ́ kí ìtàn dùn ni."

Àwọn kan ń rìn lójú kan náà, wọ́n ń làágùn, wọ́n ń wí pé, "Mo ti wà lọ́nà, mo ti fẹ́ẹ̀ dé."

Mo ní, "Ìyẹn, ìpẹ̀tù ni. Kí ẹni tó ń dúró deni má bàa bínú."

Lẹ́yìn wọn, obìnrin kan ń kan ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, ẹ má bi mí. Ohùn ọmọ rẹ̀ ń ti inú ilé wá: "Màmá mi ní kí n sọ pé àwọn ò sí nílé." Ó kàn án títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àánú rẹ̀ ni kò jẹ́.

Mo ní, "Ọgbọ́n là ń pe èyí."

Ọmọ aláṣọ funfun náà ní, "Níbí, orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń jẹ́."

A wá dé ẹnu ọ̀nà ọ̀run. Orin ń dún nínú, àwọn olóòótọ́ jókòó, wọ́n ń sinmi. Mo rí ọkọ mi olóògbé láàrin wọn, ó gẹ fìlà rẹ̀ bó ṣe máa ń gẹ̀ ẹ́, àga kan sì ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ọkàn mi fò. N kò fẹ́ nǹkan mìíràn ju kí n jókòó sí àga yẹn.

Bàbá tó ń ṣọ́ ọ̀nà ní, "Ìyá, ẹ kú ìrìn. Ṣé dáadáa ni?"

"A dúpẹ́ o, Bàbá. Dáadáa ni, kò sí wàhálà."

Ilẹ̀kùn tó ṣí díẹ̀ kò ṣí sí i. Ó tún béèrè. Mo ní, "Àlàáfíà ni, sà." Ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í padé. Fìlà ọkọ mi nìkan ló kù tí mò ń rí.

Ọmọ náà rọra bi mí pé, "Ìyá, kí lẹ̀ ń pe ìyẹn?"

Mo ní, "Ìkíni ni." Ẹkún bá gbà mí. Mo ní, "Kò dáa. Mo dá wà. Rédíò nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn, mo máa ń bu oúnjẹ sí abọ́ méjì kí n tó rántí."

Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Ọkọ mi dìde, ó lanu láti pè mí, mo sì jí. Oòrùn ọ̀sán ṣì wà lórí ẹní.

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣọ́ra. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹ máa ń kọjá níwájú ilé mi, ẹ á ní, "Màmá, ṣé dáadáa ni?" Kí n tó fèsì, ẹ ti kọjá lọ. Irọ́ la jọ ń pa, èmi àti ẹ̀yin. Pásítọ̀, ẹ bi mí bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí, ẹ rò pé n kò gbọ́. Mo gbọ́. Kò dáa.

Ẹ má sọ fún mi pé ẹ ń bọ̀. Ẹ ṣáà wá kanlẹ̀kùn. Mo wà nílé.